Kí Ni Ká Fi Bo Ilẹ̀kùn Gíláàsì Alágbàfọ̀?

Láyé àtijọ́, ilẹ̀kùn alágbàfọ̀ kì í fún ẹnikẹ́ni ní wàhálà. Pákó ni. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á ṣí i gbayawu, wọ́n á fi òkúta tì í lẹ́sẹ̀ kí atẹ́gùn má baà pa á dé. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á fi àgádágodo kọ́ ọ, ó tán. Ẹni tó ń lọ aṣọ ń rí ẹni tó ń kọjá, ẹni tó ń kọjá ń rí ẹni tó ń lọ aṣọ, wọ́n á kí ara wọn kú iṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó ka ìyẹn sí nǹkan kan.

Ó ti yàtọ̀ báyìí. Ẹ bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ bíríìjì Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 2013, kí ẹ yà sí ọ̀nà Sábó, tàbí kí ẹ gba títì Queen Elizabeth tó lọ sí ilé ìwòsàn UCH. Gíláàsì ti ń gba ipò lọ́wọ́ pákó. Alágbàfọ̀ tó bá fẹ́ kí oníbàárà gbà pé òun ti kúrò lẹ́ni tó ń fọṣọ lábẹ́ igi, férémù àlùmíníọ̀mù àti gíláàsì ló máa ń kọ́kọ́ náwó lé kó tó kan ẹ̀rọ ìfọṣọ. Nínú àwọn ilé tuntun ìgboro náà, bẹ̀rẹ̀ láti Mọ́kọ́lá títí dé Bódìjà, ẹ ó rí yàrá kékeré kan lẹ́yìn kíṣìnnì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún aṣọ fífọ̀, tí ilẹ̀kùn gíláàsì rẹ̀ dojú kọ ẹ̀yìnkùlé. Ọjọ́ tí oníṣẹ́ àlùmíníọ̀mù bá gbowó rẹ̀ tó kó irinṣẹ́ lọ ni onílé á tó dúró níwájú ilẹ̀kùn náà, tí á wá rí i pé gbogbo ayé ló ń wo òun. Kí ni ká fi bò ó?

Èmi náà ti dáhùn ìbéèrè yìí rí, mo sì gbà á lódì lẹ́ẹ̀mejì. Kọ́tìnì tí mo kọ́kọ́ ta sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìfọṣọ mi, aṣọ òwú aláràbarà ni. Ọjà Gbági ni mo ti rà á, mo sì ní kí télọ̀ rán an gùn dé ilẹ̀, nítorí mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni ti olówó ṣe ń rí. Kò pé oṣù méjì nínú òjò tí etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi dúdú, tó ń rùn bí àkísà ìnulẹ̀ tí wọ́n gbàgbé sínú péèlì. Mo yọ ọ́, mo lọ lẹ tíǹtì dúdú, irú tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ mọ́tò. Mo jáde síta lọ́sàn-án, mo wo ilẹ̀kùn náà, n kò rí nǹkan kan nínú ilé àfi ojú ara mi. Inú mi dùn. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ọmọ aládùúgbò mi kan tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ kí mi, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ àná o, mà. Ṣèbí ẹ̀wù méje lẹ lọ̀?"

Méje náà ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn. Tíǹtì, àti sítíkà tó ń dán bíi díńgí, kì í fi nǹkan kan pamọ́ fúnra wọn. Wọ́n ń dín ìmọ́lẹ̀ tó ń kọjá kù, wọ́n sì ń dá díẹ̀ padà síbi tó ti wá. Lọ́sàn-án, ìta mọ́lẹ̀ ju inú lọ fíìfíì. Ohun tí ẹni tó wà níta ń rí lára gíláàsì ni òjìji ara rẹ̀ àti ti títì, ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó ń ti inú yàrá jáde kò sì lágbára tó láti borí rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí ẹ tan gílóòbù, ọ̀ràn yí padà pátápátá. Inú ló wá mọ́lẹ̀, ìta ló ṣókùnkùn. Ẹni tó dúró níta ń wò yín bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀yin tí ẹ wà nínú lẹ wá ń rí ojú ara yín. Ẹni tó wà nínú òkùnkùn ló ń ríran.

Alágbàfọ̀ kì í sì í parí iṣẹ́ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ìgbà tí iná bá dé ló ń lọ aṣọ. Bí IBEDC bá mú iná wá ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, aago mẹ́sàn-án alẹ́ náà ni áyọ́ọ̀nù máa gbóná. Ẹni tó ń kọjá á rí agbádá olówó ńlá tó so kọ́ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, á rí dúrọ́ọ̀ tí owó wà nínú rẹ̀, á sì rí i pé ẹnì kan ṣoṣo ló wà nídìí gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́rọ̀ ẹwà nígbà yẹn.

Sítíkà funfun tó dà bíi kùrukùru, èyí tí àwọn tó ń tà á ń pè ní frosted, yàtọ̀ sí tíǹtì. Ńṣe ni tirẹ̀ ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti kàn án kì í gba ọ̀nà tààrà kọjá mọ́, nítorí náà àwòrán ohun tó wà nínú kò lè dé ojú ẹni tó wà níta, ìbáà jẹ́ lọ́sàn-án, ìbáà jẹ́ lóru. Àbùkù kan ló ní: ohun tó bá fara kan gíláàsì, tàbí tó súnmọ́ ọn gan-an, á hàn bí òjìji. Bí ẹ bá sún ẹ̀yìn ní ìgbésẹ̀ méjì, ẹ ti di kùrukùru. Bí ẹ bá fara ti ilẹ̀kùn, wọ́n á mọ̀ pé ènìyàn ni, wọ́n tilẹ̀ lè mọ̀ bóyá ẹ sanra.

Ìmọ́lẹ̀ ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, nítorí òun ni àwọn tó ń ta kọ́tìnì kì í mẹ́nu bà. Nínú ìyẹ̀wù, a ń ta kọ́tìnì kí oòrùn má baà jí wa. Nínú yàrá ìfọṣọ, ojú ló ń kọ́kọ́ fọṣọ kí ọwọ́ tó fọ̀ ọ́. Ojú ló ń ṣa funfun sọ́tọ̀ kúrò lára aláwọ̀, ojú ló ń rí epo pupa tó kán sétí àpò, ojú ló sì ń sọ pé ibi kan kò tíì mọ́. Mọ́kọ́lá kò jìnnà sí UCH, ilé ìwòsàn tí wọ́n ṣí ní ọdún 1957. Alágbàfọ̀ tó bá wà ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ á gba kóòtù funfun dókítà àti yúnífọ́ọ̀mù nọ́ọ̀sì fọ̀, bí ó ṣe máa gba ṣẹ́ẹ̀tì funfun tíṣà àti lọ́yà. Funfun ni owó rẹ̀ wà.

Ẹ wá wo ohun tí sítíkà aláwọ̀ ń ṣe fún un. Àwọn alágbàfọ̀ máa ń fi búlúù díẹ̀ sínú omi ìgbẹ̀yìn tí wọ́n fi ń ṣan aṣọ, kí funfun lè yọ. Bí búlúù bá pọ̀ jù, aṣọ á di ojú ọ̀run. Ẹni tó lẹ sítíkà aláwọ̀ búlúù mọ́ ilẹ̀kùn, báwo ló ṣe fẹ́ mọ ibi tó yẹ kó dáwọ́ dúró? Gbogbo funfun inú yàrá náà ti di búlúù kó tó fọwọ́ kan omi. Tíǹtì aláwọ̀ ilẹ̀ ń ṣe òdìkejì: ó ń mú kí funfun pọ́n, ó sì ń fi àbàwọ́n tíì àti ti òógùn abíyá pamọ́. Oníbàárà á gba aṣọ rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, á yìn yín, á jáde sínú oòrùn, á sì padà wọlé. Kọ́tìnì aláwọ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tirẹ̀ kò le tó ti sítíkà. Funfun, tàbí àwọ̀ eérú tó fẹ́lẹ́, ni kí ohun tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn jẹ́, kò sí méjì.

Bí iná kò bá sì sí, ilẹ̀kùn yẹn ni gílóòbù yín. Mo mọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n lẹ tíǹtì dúdú mọ́ débi pé jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ń tàn lọ́sàn-án gangan kí wọ́n tó lè mọ bọ́tìnnì tó já. Wọ́n ń ra epo bẹntiróò rọ́pò oòrùn tí Ọlọ́run fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

Oòrùn náà ní ibi tirẹ̀ o. Nínú ìtànṣán oòrùn, apá kan wà tí ojú wa kì í rí tó ń pa àwọ̀ aṣọ. Gíláàsì lásán ń dá èyí tó le jù nínú rẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí púpọ̀ nínú èyí tó kù kọjá, ìmọ́lẹ̀ tí à ń fojú rí sì ń bá a ṣiṣẹ́ náà. Bí ẹ bá so aṣọ oníbàárà kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nítorí pé kò tíì wá gbà á, èjìká tó kọjú sí gíláàsì á ṣá ju ìkejì lọ. Àdìrẹ aláró kì í pẹ́ rárá. Kò sí kọ́tìnì tó lè yanjú èyí láìsọ yàrá di òkùnkùn. Ẹ gbé igi ìkọ́ṣọ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ẹ gbé e sí ògiri ẹ̀gbẹ́. Ọ̀fẹ́ ni ìyẹn.

Àwọn àgbà ní alágbàfọ̀ kì í bá odò ṣọ̀tá. Odò náà ti wọ inú yàrá báyìí, òun ló sì lé kọ́tìnì òwú mi jáde. Òwú fẹ́ràn omi. Bí ẹ bá so aṣọ òwú kọ́ sínú afẹ́fẹ́ tó tutù díẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni da omi sí i, omi tó máa fà sára láti inú afẹ́fẹ́ nìkan á tó nǹkan bí ìpín 8 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀. Polyester kì í fà tó ìpín 1. Ìdí nìyẹn tí ṣẹ́ẹ̀tì polyester fi máa ń gbẹ kíákíá lórí okùn, tí jíǹsì sì máa ń wà níbẹ̀ di ọ̀la. Ẹ wá fi yàrá ìfọṣọ kún un: omi gbígbóná, aṣọ tútù tí wọ́n fà sórí okùn nínú ilé nítorí òjò, oru tó ń jáde lábẹ́ áyọ́ọ̀nù. Láti oṣù Kẹrin títí dé oṣù Kẹwàá, bí ẹ bá yọ ìsinmi òjò inú oṣù Kẹjọ kúrò, afẹ́fẹ́ Ìbàdàn fúnra rẹ̀ kì í fẹ́ gba omi mọ́. Oru náà á lọ bá gíláàsì tó tutù jù ú lọ, gíláàsì á bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Kọ́tìnì tó bá fara kan gíláàsì tó ń làágùn kò ní gbẹ mọ́. Á bu. Àmì dúdú wínníwínní yẹn tí à ń pè ní ìdọ̀tí, ohun abẹ̀mí tó ń jẹ aṣọ ni, ó sì ń fò láti ara kọ́tìnì lọ sára aṣọ mímọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Nítorí náà aṣọ òwú kúrò níbẹ̀, títí kan lílínì àti fẹ́lífẹ́ẹ̀tì. Igi náà kúrò níbẹ̀: bùláìǹdì onígi máa ń wọ́ bí omi bá ń wọ inú rẹ̀ tó ń jáde, ti ọparun tí wọ́n hun bí ẹní sì ń bu bíi ti òwú. Mo mọ̀ pé àwọn kan á bi mí pé àdìrẹ ńkọ́. Mo fẹ́ràn àdìrẹ. Àpẹẹrẹ Ìbàdàndùn, èyí tí wọ́n ya àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó sí, kò sí ohun tó yẹ ojú ilẹ̀kùn ará Ìbàdàn tó o. Ṣùgbọ́n òwú ni, aró ni, omi á sì bá a jà nísàlẹ̀ nígbà tí oòrùn ń bá a jà lókè. Ẹ ta á sí ibi tí oníbàárà ti ń jókòó dúró, níbi tí omi kì í dé.

Ohun tó kù ni polyester, rọ́bà, àti àlùmíníọ̀mù. Kọ́tìnì polyester fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò burú bí ẹ bá gé e kó fi íǹṣì mẹ́fà jìnnà sí ilẹ̀, nítorí omi ọṣẹ àti blíìṣì ló ń ta sí ìsàlẹ̀ yẹn lójoojúmọ́, bí Hypo bá sì ta sí i lẹ́ẹ̀kan, ó lè ṣí àwọ̀ rẹ̀ lójú kan. Bùláìǹdì rọ́bà tó so kọ́ lóòró-lóòró, àkísà tútù ni wọ́n fi ń nù ún. Ti àlùmíníọ̀mù tó dùbúlẹ̀ ní ìbú lè gbé ìmọ́lẹ̀ sókè sí àjà bí ẹ bá yí etí rẹ̀ díẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí ẹni tó wà níta ríran wọlé. Òun ló wù mí jù. Nígbà ọyẹ́ nìkan ló ń bí mi nínú: eruku Mọ́kọ́lá, pẹ̀lú èyí tí ọkọ̀ ń gbọ̀n sílẹ̀ ní oríta, á jókòó sórí ewé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó sanwó. Ṣùgbọ́n yàrá ìfọṣọ kúkú ni. Ẹ yọ ọ́, ẹ kó o sínú báàfù, ẹ ṣàn án.

Ọ̀rọ̀ ooru ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í gbà mí gbọ́ sí. Wọ́n gbà pé kọ́tìnì tó nípọn máa lé ooru oòrùn padà. Oòrùn ti gba inú gíláàsì wọlé kó tó kan kọ́tìnì; ara kọ́tìnì ló ti wá di ooru, inú yàrá sì ni kọ́tìnì wà. Ó dà bí ẹni tó jẹ́ kí àlejò wọ ìyẹ̀wù tán kó tó sọ fún un pé kò sáyè. Aláwọ̀ funfun á dá díẹ̀ padà gba inú gíláàsì jáde, aláwọ̀ dúdú kò ní dá nǹkan kan padà. Tíǹtì dúdú náà ń mu ooru sára gíláàsì fúnra rẹ̀, gíláàsì tí wọn kò fi iná sè kó lè le sí i, ìyẹn èyí tí kì í ṣe tempered, sì lè sán nígbà tí àárín rẹ̀ bá gbóná tí etí rẹ̀ tó wà nínú férémù ṣì tutù.

Ìta ni wọ́n ti ń pàdé oòrùn. Àwọn baba wa mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi na òrùlé jáde bo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ògiri tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Maxwell Fry àti Jane Drew, ayàwòrán-ilé méjì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá ya ilé fún Yunifásítì Ìbàdàn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1948, ohun kan náà ni wọ́n fi kọnkéré ṣe: bàkóńì tó yọ síta, àti ògiri oníhò tó ń jẹ́ kí atẹ́gùn kọjá tó sì ń gé oòrùn wẹ́wẹ́ kó tó dé fèrèsé. Títí di òní, àwọn ilé yẹn ṣì wà níbẹ̀, ẹ lè lọ wò wọ́n. Alágbàfọ̀ kò nílò ayàwòrán-ilé. Páànù tàbí tapólì tó yọ síta ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lókè ilẹ̀kùn tó.

Àfi bí ilẹ̀kùn náà bá kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Ìbàdàn wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 7 àti díẹ̀ sí àríwá ìlà tó pín ayé sí méjì, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ní oṣù Kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, oòrùn ọ̀sán ń dúró sórí wa gangan. Láàárín ìgbà méjèèjì, ọwọ́ àríwá ló wà lọ́sàn-án. Ìyókù ọdún, ọwọ́ gúúsù. Ilẹ̀kùn tó bá kọjú sí àríwá tàbí gúúsù, òkè ni oòrùn ti máa ń wá bá a, páànù á sì gbà á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n oòrùn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti rẹlẹ̀, ó ń gba abẹ́ páànù wọlé tààrà, bẹ́ẹ̀ ni ti àárọ̀ fún ilẹ̀kùn tó kọjú sí ìlà oòrùn. Ibẹ̀ ni bùláìǹdì tó ṣeé yí pa ti wúlò jù. Ẹ mọ ibi tí ilẹ̀kùn yín kọjú sí kí ẹ tó mú owó jáde.

Ohun kan tún wà tí Mọ́kọ́lá ní tí Bódìjà kò ní tó o: òkè. Orí òkè ni Premier Hotel wà, orí òkè ni Cultural Centre wà, ọ̀pọ̀ ilé àdúgbò náà ló sì dúró bí àtẹ̀gùn, ti ẹnì kan lókè orí ti ẹnì kejì. Níbi tó tẹ́jú, ẹ lè lẹ sítíkà dé gíga orí ènìyàn kí ẹ sì fi òkè gíláàsì sílẹ̀ lófìfo fún ìmọ́lẹ̀. Bí bàkóńì ẹnì kan bá wà lókè yín, ojú rẹ̀ á gba ibi òfìfo yẹn sọ̀kalẹ̀ wọlé. Ẹ lẹ̀ ẹ́ kan òkè.

Iná àti okùn, kíákíá. Ẹni tó ṣì ń lo áyọ́ọ̀nù eléèédú kò gbọ́dọ̀ ta ohunkóhun tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ sí ibi tí iná rẹ̀ lè ta dé. Polyester kì í jó bí òwú, yíyọ́ ló ń yọ́, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ara. Okùn tí wọ́n fi ń fa bùláìǹdì lè fún ọmọdé lọ́rùn. Ní Amẹ́ríkà, ìlànà àwọn tó ń ṣe bùláìǹdì ti sọ láti ìparí ọdún 2018 pé èyí tí wọ́n bá ti ṣe sílẹ̀ lọ́jà kò gbọ́dọ̀ ní okùn tí ọwọ́ ọmọdé lè tó. Ọ̀pọ̀ èyí tó ń dé ọ̀dọ̀ wa ló ṣì ní i. Ẹ kan ìṣó sókè, ẹ wé okùn náà mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ wíwọ̀n náà ṣe pàtàkì. Ilẹ̀kùn tó wọ́pọ̀ jẹ́ íǹṣì 36 ní ìbú àti 84 ní gíga. Ẹni tó ń rán kọ́tìnì á ní kí ẹ ra ìlọ́po méjì ìbú kó lè ní ìṣẹ́po, ìyẹn yáàdì 2. Mítà onígun mẹ́rin ni wọ́n ń fi ta bùláìǹdì, ìwọ̀n ilẹ̀kùn yìí kò sì pé 2. Ẹ wọn ìbú lókè, láàárín, àti nísàlẹ̀, nítorí ṣàṣà ni férémù tó tọ́. Bí bùláìǹdì bá máa wọ inú férémù, èyí tó kéré jù ni kí ẹ mú lọ sí ọjà Alẹ́ṣinlóyè. Ilẹ̀kùn tó ń ṣí bí ìwé kò gba bùláìǹdì tí wọ́n kàn mọ́ ògiri, ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá ṣí i ni yóò ha. Ara ilẹ̀kùn gan-an ni kí wọ́n kàn án mọ́, kí wọ́n sì de ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó má baà máa gbá gíláàsì. Èyí tí ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ló bá kọ́tìnì tàbí bùláìǹdì olóòró mu. Ẹ má ra ọ̀pá olóòfà, nítorí òòfà kì í mú àlùmíníọ̀mù. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé díríìlì súnmọ́ gíláàsì tí wọ́n ti fi iná sè: ihò kan ṣoṣo, gbogbo rẹ̀ á di yangan.

Sítíkà kò nílò ìṣó. Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ lẹ̀ ẹ́, nígbà tí gíláàsì kò tíì gbóná tí eruku sì sùn, inú yàrá sì ni kí ẹ ti lẹ̀ ẹ́. Ẹ fi réésà ha ohun tí oníṣẹ́ kíkùn ta sílẹ̀, ẹ fọ gíláàsì, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ gé sítíkà kó fi íǹṣì kan ju gíláàsì lọ. Ẹ po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ omi, ọṣẹ kò sì kúkú ní wọ́n yín, kí ẹ wọ́n ọn sára gíláàsì àti sójú tó ní gọ́ọ̀mù. Omi ọṣẹ yẹn ni yóò jẹ́ kí ẹ lè fà á sọ́tùn-ún sósì títí yóò fi tọ́. Ẹ wá fi aṣọ fẹ́lẹ́ wé káàdì ATM tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, kí ẹ máa fi ti omi jáde láti àárín lọ sí etí. Ẹ gé etí rẹ̀ kù díẹ̀ kó má kan rọ́bà férémù, nítorí ibẹ̀ ni oru máa ń gbà ṣí i. Ẹ má gbé omi gbígbóná wọ yàrá náà lọ́jọ́ yẹn. Gíláàsì tó ní òdòdó lójú kò ní gbà á. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú tó dán, bí ojú yẹn bá wà nínú.

Ohun tó wà lára ilẹ̀kùn tèmi báyìí nìyí: sítíkà funfun láti ìsàlẹ̀ dé òkè, bùláìǹdì àlùmíníọ̀mù tí mo ń yí pa ní ìrọ̀lẹ́ nítorí pé ìwọ̀ oòrùn ni mo kọjú sí, páànù lókè ìta. Kò sí aṣọ kankan níbẹ̀. Kò rẹwà tó kọ́tìnì Gbági, mo gbà.

Ẹ má tíì lọ sọ́jà lọ́la. Lálẹ́ òní, bí iná bá wà, ẹ tan gílóòbù yàrá ìfọṣọ yín, ẹ ní kí ẹnì kan dúró síbi tí ẹ máa ń dúró sí lọ aṣọ, kí ẹ jáde lọ sí òdìkejì títì, kí ẹ sì wo iye ẹ̀wù tó lọ̀.